Orin Tí Mo Gbọ́ Kí Wọ́n Tó La Orí Mi

Orí ni iṣẹ́ mi. Onídìrí ni mí ní Iléṣà. Mo di irun fún ìyá, mo di fún ọmọ, mo sì ti ń di fún ọmọ-ọmọ báyìí. Kò sí irú orí tí kò tíì wà láàárín orúnkún mi rí: orí rọ̀bọ̀tọ̀, orí ṣóńṣó, orí aláìgbọràn tí kì í dúró sójú kan. Nítorí náà, nígbà tí dókítà sọ fún mi pé orí tèmi ni wọ́n fẹ́ là, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ẹkún dé lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀fọ́rí tí kò lórúkọ kiri, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wá àga, ẹ jókòó.

Iṣẹ́ mi kejì ni orin dídá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwa kì í gbé ìwé orin lọ́wọ́ nígbà ìyìn. Ẹnì kan ló ń dúró níwájú, òun á dá orin, gbogbo ìjọ á gbè é. Ẹni tó ń dá orin gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti gbé e, kó má ga jù fún àwọn màmá, kó má sì lọ sílẹ̀ jù fún àwọn ọmọdé. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Láti kékeré ní Iperindo, nígbà tí a bá ń fọ́ kòkó lóko bàbá wa, èmi ni mo máa ń dá orin, ẹ̀gbọ́n mi á sì máa gbè. Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé girama, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin ni òun rà, ìyàwó ni wọ́n fi ṣe ènì fún òun.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń di ṣùkú fún oníbàárà mi kan, mo sì gbóòórùn epo pupa tó ń jó. Mo dìde, mo lọ wo ìdáná. Kò sí iná níbẹ̀. Bí mo ṣe padà jókòó ni mo gbọ́ orin. Ó jọ pé ẹgbẹ́ akọrin kan wà lódìkejì òkè, àwọn ọkùnrin nísàlẹ̀, àwọn obìnrin lókè, ohùn wọn mọ́ tónítóní.

Mo bi oníbàárà mi, "Ta ló ń kọrin tó dùn báyìí?"

Ó ní, "Orin wo? Jẹnẹrétọ̀ alágbàfọ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ o."

Orin náà tán fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti rí ọ̀rọ̀ fi sí i: "Ilẹ̀kùn tí mo kàn, ó ti ṣí, ẹni tó wà nínú ilé mọ orúkọ mi."

Nínú ìjọ wa, orin tí ènìyàn bá gbọ́ lójú oorun tàbí nínú afẹ́fẹ́ lọ́lá púpọ̀. Orin ìṣípayá là ń pè é. Mo lọ sọ fún Ìyá Ìjọ, àgbà gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí kì í fi àdúrà ṣeré. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Omi bọ́ lójú màmá. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Abọ́sẹ̀dé, ọ̀run ń kọ́ ẹ lórin."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo dá a nínú ìjọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, àga ò gba ẹnikẹ́ni mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ìjọ mìíràn fi ń bá wa kọ ọ́. Láti ìgbà náà ni orin ti ń wá sọ́dọ̀ mi, òórùn epo tó jó á kọ́kọ́ dé, orin á tẹ̀lé e. Mo rí orin méjì mìíràn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́rí náà dé, pàápàá láàárọ̀ kùtùkùtù, mo sì ń sọ fún ara mi pé ẹ̀bùn ọ̀run ní láti wúwo díẹ̀. Inú mi dùn nígbà náà, mi ò ní purọ́. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn?

Nígbà tí ẹ̀fọ́rí náà kò lọ mọ́, oníkálukú gbé tirẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bọ́lá, gbé àgbo wá láti Iperindo. Ó ní túúlu ni, ó sì fẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí mi lórí. Ìyá Ìjọ ní ààwẹ̀ ni. Ọkọ mi ní ọsibítù ni. Èmi tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú, mo mu àgbo láàárọ̀, mo mu omi àdúrà lọ́sàn-án, mo fi parasitamọ́ lé e nírọ̀lẹ́. Gbẹ́rẹ́ nìkan ni mo kọ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan orí mi. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí!

Ohun tó já ọ̀rọ̀ náà síta ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wà níwájú, mò ń dá orin, òórùn epo sì dé. Orin etí mi àti orin ẹnu mi kọjú ìjà sí ara wọn. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkọ mi ló sọ ọ́ fún mi. Mo ṣubú lulẹ̀ gbì. Gbogbo ìjọ ké pé Ẹ̀mí ti gbé mi. Àwọn obìnrin ta ìborùn bò mí lẹ́sẹ̀, wọ́n yí mi ká, wọ́n gbé orin sókè sí i, ẹnì kan sì na fóònù sí mi lẹ́nu kí ó lè gba iṣẹ́ tí mo fẹ́ jẹ́ sílẹ̀. Ọkọ mi kúnlẹ̀ tì mí. Ó rí i pé ẹnu mi ti ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá mi kan ń já pàtìpàtì, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde níbi tí mo ti gé ahọ́n jẹ.

"Ẹ dá orin yẹn dúró!" Ọkọ mi kì í pariwo, kódà bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá ń ya wèrè. "Èyí kì í ṣe Ẹ̀mí! Ẹ bá mi gbé e!"

Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣubú lọ́jọ́ náà, èmi fúnra mi ni mo máa gbé orin sókè lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ẹni tó ṣubú bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ orin, ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn.

Ní ọsibítù Iléṣà, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ ya àwòrán inú orí mi, wọ́n sì júwe ọsibítù ńlá kan fún wa ní Òṣogbo. Èmi, ọkọ mi àti Àǹtí Bọ́lá jí lọ síbẹ̀ kí oòrùn tó yọ, síbẹ̀ a bá èrò níwájú wa. Lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán náà, orí bẹ́ǹṣì la jókòó sí de dókítà, à ń sún díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú aláboyún àti àwọn tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ tì wọlé ṣáájú wa. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Àǹtí Bọ́lá dìde, ó lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ dìde níbẹ̀ o, ẹ ń dí ọ̀nà."

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, "Ọmọ mi, Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ṣé o ò gbọ́ nípa òṣómàáló rí ni, àwọn aláṣọ wa tó ń lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi sanwó? Òṣó ni mà á ló títí dókítà á fi rí àbúrò mi. Mi ò níí padà s'úlé láì rí i."

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní bàbá ti òun náà ta aṣọ káàkiri ìlú Ọ̀yọ́ bẹ́ẹ̀. Kò fi wá síwájú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó bu omi fún wa, ó sì ń sọ iye èèyàn tó kù fún wa títí ó fi kàn wá. Bí ẹ bá ń lọ sí irú ibẹ̀, ẹ mú oúnjẹ dání, ẹ mú ẹni tó lè pa yín lẹ́rìn-ín dání pẹ̀lú.

Ọmọbìnrin kékeré kan ni dókítà náà, ẹni tó di irun fún un kò sì tún ibi ìpàkọ́ ṣe dáadáa, ojú mi ti rí i kí n tó jókòó. Kí ó tó fi àwòrán hàn wá, ó bi mí léèrè, "Mà, ǹjẹ́ ẹ máa ń gbóòórùn tàbí kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́?"

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un. Mo sọ ti epo tó jó. Mo sọ ti orin. Ó rọra gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, ó ní, "Kókó kan wà nínú orí yín, Mà, lápá ọ̀tún, lókè etí. Kò jọ jẹjẹrẹ lójú wa, ṣùgbọ́n ó ń dàgbà. Òun ló ń fa òórùn yẹn. Òun náà ló ń kọ orin tí ẹ ń gbọ́."

Mo ní, "Bí ẹ bá yọ ọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ ó wà láàyè, nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ibi tó wà yẹn, ibẹ̀ lọ́pọ̀ ènìyàn fi ń mọ orin. Ẹ lè má gbọ́ orin bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ mọ́. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín."

Mo sunkún láti Òṣogbo dé Iléṣà. Abẹ kọ́ ni mò ń sunkún sí. Ohun tó dùn mí wọra ni pé ẹgbẹ́ akọrin ọ̀run mi, ẹran lásán tó hù síbi tí kò yẹ ni. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kó lọ. Nígbà tí a délé, mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò ní gbà kí wọ́n la orí mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kú pẹ̀lú orin mi.

Ó jókòó tì mí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Abọ́sẹ̀dé, irọ́ ni mo ń pa fún ẹ látọjọ́ yìí. Ìyàwó ni mo rà. Orin ni ènì."

Ẹbí péjọ. Àǹtí Bọ́lá ní orí kì í ṣe àgbọn tí ènìyàn ń là wò. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ń sọ ọ́ lábẹ́ẹ́lẹ̀ pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni wọ́n fẹ́ yọ sọnù. Nígbà tí Ìyá Ìjọ wọlé, gbogbo wa ló rò pé òun ni yóò ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà pa. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ dókítà sọ, mo sì sọ ọ́ láìfi ìkankan pamọ́.

Màmá ní, "Kókó ló ń kọrin?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ó mi orí. "Ọlọ́run tó fi ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá Báláámù sọ̀rọ̀, ṣé kókó ni kò ní lè fi kọrin? A ti gbọ́ orin náà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sọ̀rọ̀ tán, mi ò rí i kà pé wọ́n gbé e wọ yàrá. Lọ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Ọkọ mi ta lára oko kòkó tó jogún, ìjọ dá owó, ẹ̀gbọ́n mi sì mú ìwọ̀nba tirẹ̀ wá. Owó iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe kékeré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti tọrọ ìrànwọ́.

Àǹtí Bọ́lá ló fá irun mi. Omi ojú rẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn. Mo ní, "Fá a dáadáa o, má fá a bí oko ọ̀lẹ, oníbàárà mi lè rí i." Ẹ̀rín àti ẹkún jọ jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tì mí lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rántí àdúrà kankan àfi orúkọ Jésù.

Mo jí. Mo dá ọkọ mi mọ̀. Mo bèèrè omi, ó sì sá jáde lọ sunkún níbi tí mi ò ti ní rí i. Láti ọjọ́ náà títí di òní, mi ò gbóòórùn epo tó jó mọ́, àfi ìgbà tí epo bá jó lóòótọ́.

Nígbà tí ara mi le díẹ̀, obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì tẹ fóònù rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa sọ fún àwọn tó ń da abọ́ àti ṣíbí nù níta kí wọ́n rọra. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo tẹ̀ o, Mà." Mo tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Orin náà fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, mo ń tan ara mi pé ẹnu mi yóò rántí ohun tí etí mi gbàgbé. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, mo wé gèlè bo àpá orí mi, mo bọ́ síwájú ìjọ, mo sì dá orin "Ilẹ̀kùn Tí Mo Kàn". Ẹnikẹ́ni kò gbè é. Mo rò pé wọ́n ń sunkún ayọ̀ ni, mo tún un dá. Síbẹ̀, wọn ò gbè é. Nígbà náà ni mo rí ojú ọkọ mi. Ṣadé, ọmọbìnrin tó máa ń dá orin tẹ̀lé mi, rọra gba orin náà lẹ́nu mi, ó gbé e sí ibi tó yẹ, ìjọ sì hó yè. Ìyá Ìjọ jó wá dì mọ́ mi. Èmi náà jó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo sì sunkún bí ẹni tó sin ọmọ.

Nígbà tí a padà lọ rí dókítà, ó fi ẹnu kùn ohùn méjì, ó ní kí n sọ èwo ló ga nínú wọn. Mi ò mọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìka lu tábìlì, ó ní kí n lù ú bẹ́ẹ̀. Mo lù ú láìṣi ẹyọ kan, mo tún fi tèmi lé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, ìlù ṣì wà níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹnu náà kò bà jẹ́ rárá. Àwọn aládùúgbò ń bi mí bóyá mo ṣì ń gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mo ní kí wọ́n bú mi wò.

Ìlù yẹn ni mo dì mú. Mo fi ààyè orin dídá sílẹ̀ fún Ṣadé, mo sì lọ jókòó láàárín àwọn màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún yín: ẹni tó ń dá orin kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ orin. Ẹni tó ń fà sẹ́yìn àti ẹni tó ń sáré ló ń ṣọ́. Nísinsìnyí tí mi ò gbọ́ ohùn mọ́, ọ̀rọ̀ náà ló ń dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn orin tí mo ti ń dá láti ọmọdé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń jó, mo sì ń kọrin pẹ̀lú. Ọkọ mi ní ohùn mi burú gan-an. Ó ní kí n má dákẹ́.

Ara mi le lónìí. Mò ń lo oògùn mi lójoojúmọ́ kí gìrì má baà padà, mo sì ń lọ fi ara hàn ní Òṣogbo nígbà tí wọ́n bá dá fún mi. Irun ti hù bo àpá náà, funfun ló hù níbẹ̀, mo sì ń fi í ṣe fáàrí. Mo ṣì ń di irun. Bí oníbàárà bá sọ pé orí ń fọ́ òun lójoojúmọ́, tàbí pé òun ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́, mi ò ní fi orí rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi ṣèlérí pé òun á lọ ya àwòrán. Ẹ gbàdúrà, ẹ gba ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ya àwòrán.

Ó ku nǹkan kan. Níbi ìkórè tó kọjá, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ní Iperindo. Bí wọ́n ṣe ń gbé iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ, obìnrin kan dá orin lédè Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń dúpẹ́ pé òjò rọ̀ lásìkò, pé kòkó gbó lórí igi. Gbogbo ènìyàn dìde. Àwọn arúgbó tó fi ọ̀pá rìn wọlé ń jó. Èmi náà gbé ẹsẹ̀ sí i, ó bá mi lára mu gan-an.

Mo fẹnu sí etí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Orin wo lèyí? Mi ò gbọ́ ọ rí."

Àǹtí Bọ́lá dúró lórí ijó. "Abọ́sẹ̀dé, ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni? Orin tìẹ mà ni. 'Ilẹ̀kùn Tí Mo Kàn' ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kàn yí padà."

Mo tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Mo wá a, mi ò rí i. Ó ń kọjá lọ níwájú mi bí àlejò tí mi ò bá pàdé rí. Mo dúró de ìrora, ó yà mí lẹ́nu pé kò wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ sọ fún wọn pé ẹni tó ni orin ló wà níbí yìí. Mo di ìró rẹ̀ mú, mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí ìsìn tú, mo lọ bá obìnrin tó dá orin náà lábẹ́ igi níta. Kò mọ̀ mí rí. Mo kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, orin yín wù mí púpọ̀. Ẹ bá mi kọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ọwọ́ mi, ó ń fi ìka lù ú sí mi ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀.